"Catch up with": lílé bá ni, kì í ṣe lílé kọjá

Ẹ kú ìbéèrè, ìyá wa. Ẹ ní olùkọ́ ọmọ yín kọ ọ́ sójú pátákó pé "catch up with" ni kéèyàn sáré kọjá ẹnìkejì, ẹ wá ń béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Rárá o. Inú ń bí mi díẹ̀, torí olùkọ́ yẹn nìkan kọ́. Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tó ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù, ó ní ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn "ń gbìyànjú láti mú wọn sókè". Kí ó mú wọn sókè lọ síbo? Ọ̀rọ̀ tó ṣe é wẹ́kú wà nílẹ̀ látọjọ́ aláyé ti dáyé: lé bá.

Bá yẹn gan-an ni kí ẹ dì mú. Ó lè dá dúró láìsí lé. Òjò bá mi lọ́nà. Ilẹ̀ ṣú bá wa lóko. Ẹni tó bá ọ ti dé ibi tí o wà, ó parí. Bóyá ó máa kọjá, bóyá ó máa dúró tì ọ́, bóyá ó máa gbá ọ létí, ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ló máa sọ ìyẹn.

Ẹ̀lùbọ́ ni ìyá mi ń tà nígbà tí mo wà ní kékeré, ọjà ọrọọrún ló sì ń ná. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, á gbé agbọ̀n kékeré rù mí, á ní, "Máa lọ, màá bá ọ." Màá máa lọ nìṣó nínú ìrì. Tó bá yá, màá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lẹ́yìn, pàá, pàá, pàá, á máa sún mọ́ mi. Mi ò lè bojú wẹ̀yìn nítorí ẹrù orí mi. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan agbọ̀n, tó ń tún un ṣe lórí òṣùká, ni màá tó mọ̀ pé ó ti bá mi. Kì í kọjá mi. Ẹ̀yìn mi ló máa ń wà títí a ó fi dé ọjà, kó lè máa fojú sí ẹrù náà. Ẹni tó bá sọ fún mi pé ọ̀kan náà ni bíbá àti kíkọjá, ó fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀nà ọjà ìyá mi.

Ẹ wá gbọ́ òwe tó dá ẹjọ́ náà: Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Bá méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ da ọmọ láàmú. Èyí tó gbẹ̀yìn ni tiwa. Àwọn kan máa ń là á yé èèyàn pé òtítọ́ lẹ́sẹ̀ ju irọ́ lọ, pé eré sísá ni òwe yẹn ń sọ. Irọ́ ni! Ta ló kọjá ta níbẹ̀? Bí òtítọ́ bá kọjá irọ́ lọ, irọ́ á mí kanlẹ̀, á jókòó sábẹ́ igi, á máa gbatẹ́gùn. Bíbá tó bá a yẹn ni wàhálà ti dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń lò ó tí wọ́n bá ní "his past caught up with him": ohun tó ti ṣe sẹ́yìn ló lé e bá. Ká ní ó kọjá rẹ̀ ni, à bá máa bá a yọ̀.

Mo mọ ohun tó kó bá olùkọ́ yẹn: "overtake" ni. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611, nígbà tí Dáfídì béèrè bóyá kí òun lépa àwọn ará Ámálékì tó kó Síkílágì lẹ́rú, ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú èsì tó gbọ́. Àmọ́ Bíbélì Yorùbá kò kọ kọjá síbẹ̀, bá ló kọ. Bí Dáfídì bá sáré kọjá àwọn ọlọ́ṣà, báwo ló ṣe fẹ́ gba ìyàwó rẹ̀ méjèèjì padà? Ẹnu àwọn awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá di kíkọjá. Ovatéèkì tiwọn, o lé ọkọ̀ iwájú bá, o bọ́ sọ́wọ́ òsì, o yà á sílẹ̀, o padà sí ọ̀tún. Ibi tí o ti lé e bá ni "catch up" mọ.

Ìyókù kò le. Bí ẹ bá dárúkọ ẹni tí ẹ lé, ẹ fi "with" sí i. Ní ìlú ọba, wọ́n tún máa ń sọ pé "I'll catch you up". Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àyà rẹ̀ já, ó rò pé wọ́n fẹ́ mú òun. Ohun tí ìyá mi ń sọ lọ́jọ́ ọjà ni ẹni yẹn sọ. Ní ti kí ẹgbẹ́ méjì bára dọ́gba lórí pápá, ọ̀mì ni ìyẹn, láti ìdí ọpọ́n ayò ló sì ti wá.

"Let's catch up" kò lé ẹnikẹ́ni. Ká jókòó, ká gbọ́ ìròyìn ara wa ni. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta" ni àwọn bàbá wa fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọmọ, omi á ti dé iwájú àlejò. Ọmọ tèmi á pè mí lórí fóònù, á ní, "Dádì, a máa catch up tó bá yá," á gé e. Kò tíì bá mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ bá mi sọ fún olùkọ́ yẹn kó pa á rẹ́ lójú pátákó. Kó kọ lé bá síbẹ̀. Bó bá fẹ́ kọjá, kó lọ wá ọ̀rọ̀ mìíràn.