Èsì: Ògì nìkan kò lè tó ọmọ oṣù mẹ́sàn-án

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá ọmọ. Ẹ ní ọmọ oṣù 9 yín ń mu ògì láàárọ̀ àti lálẹ́ àmọ́ ó ń rù, kò sì sówó mílíìkì alágolo. Ẹ fi ti mílíìkì yẹn sílẹ̀. Ọyàn yín dára jù ú lọ, ẹ máa fún un títí yóò fi pé ọdún 2, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ògì yẹn gan-an ni ká yẹ̀ wò. Bó bá ń ṣàn bí omi, ikùn ọmọ á kún láìrí oúnjẹ gidi. Ẹ sè é kó ki, débi pé bí ẹ bá dojú ṣíbí kọ ilẹ̀, kò ní tètè ṣàn bọ́. Ẹ yan ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sóyà dáadáa, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ rò ó mọ́ ògì náà, kí ẹ kán epo pupa díẹ̀ sí i. Edé gbígbẹ tí a lọ̀ náà dára. Ẹ̀pà tó bá ti bu, ẹ dà á nù. Kó máa jẹun ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́.

Bẹ́ ẹ bá rí ẹyin kan ṣoṣo nínú ilé, ọmọ ni kẹ́ ẹ fún. Ó dùn mí pé àwọn kan ṣì ń sọ pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Irọ́ ni.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n fi téèpù wọn òkè apá rẹ̀ yíká. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá wú, tí ojú ibi tí ẹ fìka tẹ̀ ń jìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró dọ̀la.