Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ eré sísá Toyota GR86 lásán àti GR86 Premium?

Ẹ́ńjìnnì kọ́ o. Lítà 2.4 tó ní hóòsìpáwà 228 ló wà nínú méjèèjì. Nígbà tó jáde ní Amẹ́ríkà fún ọdún 2022, ti lásán bẹ̀rẹ̀ láti $27,700, Premium láti $30,300. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ jíà ọtọmátíìkì á fi $1,500 lé e. Ohun tí $2,600 tí Premium fi wọ́n ju ti lásán rà ni ríìmù ínṣì 18 dípò 17, táyà Michelin Pilot Sport 4 tó ń di ọ̀nà mú bí àtè, ìjókòó aláwọ tó ń móoru, sípíkà 8 dípò 6, àti ìrù kékeré lórí búùtù. Bó bá jẹ́ eré nìkan lẹ ń wá, ẹ ra ti lásán. Táyà ṣeé pààrọ̀ tó bá yá. Ìjókòó ẹ̀yìn? Báàgì ni ẹ máa gbé síbẹ̀.