Ṣé olú ní akọ àti abo?

Ìbéèrè: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya spọ́ọ̀ (hóró bíńtín tí olú fi ń bí irú rẹ̀) kan ṣoṣo sọ́tọ̀ lára olú Pleurotus, mo gbìn ín. Òwú funfun ta bo gbogbo ìyẹ̀fun pákó, ṣùgbọ́n olú kò yọ. Ṣé akọ ni mo gbìn ni?
— Àgbẹ̀ olú, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo, ọmọ mi. Àpọ́n ni. Jíìnì (àkọsílẹ̀ àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì) tó wà ní ojúkò méjì, A àti B, ló ń pinnu èyí tó lè bá èyí gbé, òwú méjì sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra ní méjèèjì. B ló ń ṣe kẹ́míkà ìpè àti ohun tó ń gbọ́ ìpè náà. Òwú kì í jẹ́ ìpè ara rẹ̀. A ń ṣe púrótéènì oríṣi méjì: oríṣi kan láti ara òwú kan gbọ́dọ̀ so mọ́ oríṣi kejì láti ara ìkejì rẹ̀, kí àwọn jíìnì tó ń mú olú yọ tó lè jí. Kóró sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, ibi tí jíìnì wà, á wá jọ máa gbé láì dàpọ̀, àfi lábẹ́ agboorùn olú. (Sùúrù wọn yà mí lẹ́nu!)

Nínú spọ́ọ̀ olú kan náà, ìdá kan nínú mẹ́rin ló lè bá tìrẹ mu. Àlejò, ìyẹn spọ́ọ̀ láti ara olú Pleurotus mìíràn, sàn jù: nínú olú kan tó ń jẹ́ Schizophyllum commune, irú tó wà, bí akọ àti abo ṣe jẹ́ irú méjì, ju 20,000 lọ.

Bí o kò bá fẹ́ wàhálà, gé ẹran inú igi olú tútù, kí o gbin ìyẹn. Tọkọtaya ti wà níbẹ̀.