Ta ló ní owó ọ́fíìsì NGO ò gbọdọ̀ ju 10% lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. NGO kékeré la ní n'Íkòròdú níbí, a ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ télọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó oṣù mẹ́fà gbà lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́ kan, a wá rí yàrá méjì nítòsí Sábó, ₦600,000 lọ́dún. Kọnsọ́táǹtì wa ní òfin ni pé owó ọ́fíìsì ò gbọdọ̀ ju 10% owó tí wọ́n fún wa lọ, pé ká kọ ìyókù sábẹ́ owó ọkọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀, àbí ká kúkú máa lo ilé mi?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nǹkankan sábẹ́ owó ọkọ̀ o. Ó ti sú mi, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí ní 10% yìí, àwọn kan sì ń fi í gbowó lọ́wọ́ yín.

Kò sí òfin bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ ka CAMA 2020, òfin tó de àwọn iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, níbi tó ti sọ̀rọ̀ incorporated trustees (orúkọ tí CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, fi ń forúkọ NGO sílẹ̀ nìyẹn), ẹ ò ní rí 10% fún rẹ́ǹtì níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ni 10% yẹn ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tó ń gba owó àwọn, tí wọn ò tíì jọ dúnàádúrà lórí ìnáwó gbogboogbò, bíi rẹ́ǹtì, iná, owó àkántáǹtì, lè mú 10% láìsí àríyànjiyàn, ẹni tó bá dúnàádúrà sì lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù kẹwàá 2024 gan-an, wọ́n ti gbé e dé 15%, ẹ ò rí i pé ti kọnsọ́táǹtì yín ti pẹ́ nílẹ̀. Tí kì í bá sì ṣe owó ìjọba Amẹ́ríkà lẹ gbà, kí ló kàn yín níbẹ̀? Àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí lẹ máa kà.

Ẹ tún wò ó, yàrá táwọn ọmọ ti ń ránṣọ ò kúkú jẹ́ owó ọ́fíìsì, ara iṣẹ́ yẹn ló wà bí òwú àti maṣíìnì. Ká ní ó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé yẹn, ₦400,000 ni tiẹ̀ lọ́dún, oṣù mẹ́fà jẹ́ ₦200,000. Ọ́fíìsì wá ku ₦100,000 fún oṣù mẹ́fà, òun nìkan lẹ máa pè ní owó ọ́fíìsì fún onígbọ̀wọ́. Ẹ wọn yàrá náà, ẹ kọ bẹ́ ẹ ṣe pín in sílẹ̀. Àmọ́ oṣù mẹ́fà péré lowó onígbọ̀wọ́ wà fún, ₦300,000 tó kù lọ́dún yẹn, ẹ tètè wá ibòmíì tó ti máa jáde.

Ẹgbẹ́ kan tí mo mọ̀ kọ rẹ́ǹtì mọ́ owó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ́díítọ̀ ní kí wọ́n fóònù akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọ ní ẹsẹ̀ làwọn fi ń rìn wá. Gbogbo owó pátá ni wọ́n ní kí wọ́n dá padà, títí kan èyí tí wọ́n ná dáadáa.

Ti ilé yín, ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba rẹ́ǹtì lórí ẹ̀, àwọn trustee (alábòójútó NGO yín) yòókù ni kó jókòó fọwọ́ sí i, kó jẹ́ iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò. Tó bá jẹ́ ti Sábó, tí ajẹ́ǹtì bá ní ọdún méjì, òfin ilé gbígbé tí Èkó ṣe ní 2011 ò gba onílé láyè láti gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, Ìkòròdú ò sì sí lára àdúgbò tí wọ́n yọ sílẹ̀. Orúkọ NGO ni kó wà lórí ìwé, kówó jáde látinú àkáǹtì ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì béèrè bí iná ṣe rí níbẹ̀ o, torí tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ máa fi gbé maṣíìnì lójoojúmọ́, owó epo lè ju rẹ́ǹtì lọ.

Mi ò tíì rí àdéhùn yín, ẹ fi han lọ́yà kẹ́ ẹ tó gbára lé tèmi. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta nípa rẹ́ǹtì yìí sí onígbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ajẹ́ǹtì. Kọnsọ́táǹtì yẹn ńkọ́, ẹ ní kó mú ìwé òfin ọ̀hún wá.