Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Èéfín Ń Dà Wá Láàmú, Níbo La Ti Lè Rí Gíráǹtì?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Látìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ kànga tó ń rùn lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà ti ń ya wọlé, apá Ìkòròdú ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, owó ni gbogbo yín fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bèèrè: níbo ni àdúgbò ti lè rí gíráǹtì, ìyẹn owó ìrànwọ́ téèyàn kì í dá padà, tó máa fi gba ara ẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìdọ̀tí àwọn ẹlòmíì? Mo mú mẹ́ta nínú ẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà ìyá yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Odógùnyàn ni mò ń gbé, ògì ni mò ń tà. Ilé-iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn wa tí wọ́n ti ń yọ́ irin, tó bá ti di bí aago kan òru ni wọ́n máa ń tú èéfín sílẹ̀, tílẹ̀ bá fi máa mọ́, gbogbo aṣọ tá a sá ti dúdú tó tó tó, ọmọ mi kékeré sì ti ń wúkọ́ látìgbà òjò. A lọ bá wọn, wọ́n ní ká lọ kọ̀wé. Obìnrin mọ́kànlá ni wá tá a jọ ń dá àjọ ládùúgbò, ẹnì kan wá sọ fún wa pé àwọn òyìnbó máa ń fún irú àwa yìí ní gíráǹtì, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ òyìnbó, a ò ní ọ́fíìsì. Ṣé ó lè kàn wá báyìí? (Ìyá Ológì, Odógùnyàn)

ÈSÌ: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á bá wa wo ọmọ náà sàn. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ná, ẹ má dúró de gíráǹtì kankan, kẹ́ ẹ sì là á mọ́lẹ̀ fún dókítà pé ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin wà lẹ́yìn ilé yín, torí bẹ́ ò bá sọ, oògùn ikọ́ ni wọ́n á kàn kọ fún un.

Ó lè kàn yín. Kì í ṣe òyìnbó tẹ́ ẹ gbọ́ ni wọ́n ń wò. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa fún ọdún mẹ́fà rí, ìgbà àkọ́kọ́ tá a máa kọ̀wé gba gíráǹtì, a bẹ ọmọ yunifásítì kan lọ́wẹ̀, ó fi gírámà kún ojú ìwé méjìlá, a tẹ̀ ẹ́, a so ó pọ̀, ó rẹwà. Wọ́n dá a padà. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n fi sí i: kí lẹ ní lọ́wọ́ tó fi hàn pé ohun tẹ́ ẹ sọ yìí ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́? A ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé omi ń rùn, kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀. Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn débi pé mi ò lè ka lẹ́tà ọ̀hún parí lójú ìpàdé.

Torí náà kẹ́ ẹ tó wá owó lọ, ẹ ra ìwé. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé lásán ti tó. Lójoojúmọ́ tí èéfín bá jáde, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ aago, ẹ kọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, àwọn ọmọ tó wúkọ́ mọ́jú, àwọn tí kò lè lọ síléèwé. Kí obìnrin méjì máa kọ ọ́, kì í ṣe ẹnì kan, torí tẹ́nì kan bá rìnrìn àjò ìwé á kàn dákẹ́ síbẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ẹ wá háńkì funfun, ẹ so ó mọ́ okùn aṣọ lálẹ́, ẹ tú u láàárọ̀, ẹ kọ ọjọ́ sórí bébà pélébé kan, ẹ kó àwọn méjèèjì sínú náílọ̀n kan náà, ẹ dì í, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Alẹ́ yẹn kan náà, kí mọ̀lẹ́bí yín kan tó ń gbé ibi tó jìnnà sí ilé-iṣẹ́, bí apá Ìjẹ̀dẹ́ tàbí Igbógbó, so tiẹ̀ náà. Ẹ ṣe é fún ọgbọ̀n ọjọ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ọgbọ̀n háńkì Odógùnyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbọ̀n háńkì Ìjẹ̀dẹ́ sórí tábìlì, ẹni tó ń pín owó ò tún ní bèèrè ohun tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ mọ́.

Ẹ tún wádìí ohun tí wọ́n ń yọ́ níbẹ̀ gan-an, ẹ̀yin ẹ rọra bi àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń ra ògì lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ bátìrì mọ́tò ni wọ́n ń tú, òjé, èyí tí òyìnbó ń pè ní lead, ló wà nínú ẹ̀, òjé kì í sì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré. Ní Zamfara lọ́dún 2010, eruku òjé níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa àwọn ọmọ tó lé ní 400. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí kò léwu lára ọmọ, ọpọlọ ló máa ń bà jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè fún, kẹ́ ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá inú ilé mọ́, aṣọ tútù ni kẹ́ ẹ máa fi nu ilẹ̀, kí ọmọ fọwọ́ kó tó jẹun, kí bàbá tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ síta kó tó gbé ọmọ ẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn obìnrin kan ní Kenya, Phyllis Omido. Ilé-iṣẹ́ tó ń yọ òjé lára bátìrì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Owino Uhuru, ní Mombasa, ọmọ tó ń fún lọ́mú lọ́wọ́ wá bẹ̀rẹ̀ àìsàn, àwọn dókítà ń fọ́n oògùn ibà fún un, ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò ni wọ́n rí òjé. Ibẹ̀ ló ti gbéra. Kì í ṣe owó ló kọ́kọ́ ní, bébà àyẹ̀wò yẹn ni. Wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ yẹn pa, wọ́n fún obìnrin náà ní ẹ̀bùn Goldman, tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ń jà fún àyíká, lọ́dún 2015, nígbà tó sì di 2020 ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san ṣílè Kenya bílíọ̀nù 1.3 fún àwọn ará àdúgbò. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó di 2024 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ tó fọwọ́ sí i. Ó pẹ́ gan-an, mi ò ní purọ́ fún yín.

Lẹ́tà kan tún wà tí kò ná yín ju owó bébà lọ. Òfin FOI ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti bi ìjọba léèrè ohun tó wà lákọsílẹ̀, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì, lọ́dún 2025 sì ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà sọ pé òfin náà kan ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ sí LASEPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò àyíká tí wọ́n ṣe kí ilé-iṣẹ́ yẹn tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní EIA, ọdún 1992 ni òfin tiẹ̀ ti wà. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n tẹ sítáǹpù mọ́ ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbé ìyẹn délé. Bí wọ́n fèsì o, bí wọn ò fèsì o, ìwé onísítáǹpù yẹn wúlò lọ́wọ́ ẹni tó ń wá gíráǹtì.

Ó wá ku ibi tí owó wà. Èyí tó sún mọ́ irú yín jù ni Small Grants Programme ti GEF, àpò owó àgbáyé tó wà fún àyíká, ọdún 1992 ló bẹ̀rẹ̀, UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló ń mójú tó o, ẹgbẹ́ aráàlú ló wà fún, kì í ṣe ìjọba. Ó lè tó dọ́là 50,000 fún iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú yẹn wò ó, ẹgbẹ́ tuntun tó bèèrè ohun kékeré tó sì ṣe é dáadáa ni wọ́n máa ń fọkàn tán. Owó kékeré tiẹ̀ wà tí wọ́n lè fi ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láti ṣètò ìwé ìbéèrè fúnra ẹ̀. Ìdọ̀tí kẹ́míkà wà lára ohun tí wọ́n ń náwó sí. Wọ́n á bi yín pé kí lẹ̀yin náà fẹ́ mú wá, kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ń sọ: ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ti ń ṣèpàdé, ọjọ́ tí obìnrin mọ́kànlá fi ń kọ ìwé, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á ṣírò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Global Greengrants, àjọ kan tó ń pín owó fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń jà fún àyíká, náà wà láti 1993, owó tiwọn kéré sí ti ìyẹn, ó sì máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹnì kankan ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ṣàdédé kọ fọ́ọ̀mù sí wọn, àwọn olùdámọ̀ràn tí wọ́n ní káàkiri ló máa ń dárúkọ ẹgbẹ́ fún wọn, ìdí nìyẹn tó fi dáa kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń jà fún àyíká l'Ékòó mọ̀ yín. Ẹ pè wọ́n wá wo háńkì yín.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi owó ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "ìlanilọ́yẹ̀". Gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́. Ẹ kọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ogún ọmọ, iye tí ọ̀kan jẹ́, ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣe é. Ẹ kọ ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn èéfín, ilé ta ni wọ́n máa gbé e kọ́, ta ló máa máa ka nọ́ńbà ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá sínú fóònù, kí ọmọ yín kan tó gbọ́ òyìnbó kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an, kó má fi iyọ̀ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán. Wọ́n fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé EPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, ń pín owó fún àwọn àdúgbò tí ilé-iṣẹ́ bà jẹ́, pé Nàìjíríà wà níbẹ̀, fọ́ọ̀mù jẹ́ ₦15,000, ọ̀la ló máa kásẹ̀ ńlẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ ní Owútù ti dá owó yẹn. Ṣé ká san án? (Ọ̀dọ́, Owútù)

ÈSÌ: Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀. Ojúlówó gíráǹtì kì í ta fọ́ọ̀mù, ẹni tó bá ti ní kó o sanwó kó o tó gbowó, olè ni.

Òótọ́ kan wà nídìí ẹ̀ ni wọ́n fi ń rí yín mú. Ní Warren County, ní North Carolina, lọ́dún 1982, ìjọba fẹ́ lọ da yẹ̀pẹ̀ olóró sí ibi tó jẹ́ pé èèyàn dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn èèyàn lọ sùn sójú títì níwájú tírélà, àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 500. Látibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má máa gbé ìdọ̀tí lọ bá tálákà nìkan ti gbilẹ̀, nígbà tó di 1994 EPA bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àdúgbò ní owó kékeré, òfin ọdún 2022 wá ya dọ́là bílíọ̀nù mẹ́ta sọ́tọ̀ fún un. Àwọn àdúgbò Amẹ́ríkà ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Lọ́dún 2025 ni ìjọba tuntun wá fagi lé púpọ̀ nínú ẹ̀, àwọn àdúgbò tí wọ́n ti fọwọ́ sí tiwọn tẹ́lẹ̀ náà ń sunkún. Tí àwọn tó nilé ò bá rí i gbà, ta ló fẹ́ wá pín in fún Owútù lórí WhatsApp? Owó tẹ́ ẹ dá yẹn, ẹ fi ra náílọ̀n dúdú fún dọ́sìbìnì àdúgbò yín, tàbí kẹ́ ẹ fi ra ìwé bíi ti Ìyá Ológì.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, apẹja ni wá ní Báyékù. Àwọn ọkọ̀ tó ń fa yanrìn ti sọ omi di ẹrẹ̀, àwọ̀n wa ń ya. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ pẹ̀lú owó, ṣùgbọ́n a ò tíì forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, alága wa ní kí wọ́n san án sínú àkáǹtì òun. Àwọn kan ń kùn. Kí la ṣe? (Bàbá Apẹja, Báyékù)

ÈSÌ: Bàbá wa, ẹ kú ewu omi. Àwọn tó ń kùn yẹn ló ń ṣe ẹgbẹ́ yín lóore. Kì í ṣe pé alága burú o, mo ti rí alága tó dáa tí owó gbogbo àdúgbò há sínú àkáǹtì ẹ̀ nígbà tó kú lójijì, títí dòní ìyàwó ẹ̀ àti ẹgbẹ́ ò kíra wọn mọ́.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní àwọn alágbàtọ́jú (trustees), apá F òfin CAMA 2020, òfin tó de ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ló ní kí àwọn alágbàtọ́jú náà tó méjì ó kéré tán, ẹ máa ní ìwé òfin ẹgbẹ́, ẹ máa kéde nínú ìwé ìròyìn méjì kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń dènà owó ẹ̀gbin, báńkì máa bèèrè ẹ̀. Àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́, kí èèyàn méjì ó kéré tán máa jọ fọwọ́ síwèé, kí wọ́n má ti inú ilé kan náà wá. Tí ìyẹn bá máa pẹ́, kí ẹgbẹ́ kan tó ti fìdí múlẹ̀ gba owó lórúkọ yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, iye tí wọ́n máa yọ níbẹ̀ náà ni kó wà níbẹ̀ kedere.

Ìwé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo sọ fún Ìyá Ológì kàn yín náà: agbọ̀n ẹja mélòó lẹ kó wálé, ibi tẹ́ ẹ ju àwọ̀n sí, ọjọ́ tí ọkọ̀ yanrìn wà nítòsí àtọjọ́ tí kò sí. Àwọ̀n tó ya, ẹ má sun ún, ẹ so ọjọ́ mọ́ ọn kẹ́ ẹ gbé e kọ́. Tówó bá wá dé, ẹ lẹ iye tó wọlé àti iye tẹ́ ẹ ná mọ́ ara ògiri ní etí omi níbi tí obìnrin tó ń yan ẹja á ti rí i. Tí alága bá ṣì kọ̀, ẹ ní kó kọ tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo ṣèlérí fún un, a máa tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe kọ ọ́.