Nọ́ńbà ara láílọ́ọ̀nù kọ́ ni ti inú abọ́: ìdáhùn lórí ẹ̀wà mung

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mókọ́lá ni ilé wa wà, n'Ìbàdàn níbí. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé l'Ékòó ló ra ẹ̀wà kan wá fún wa. Kóró rẹ̀ kéré, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé, "mung beans" ni wọ́n kọ sára láílọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ní kí bàbá wọn máa jẹ ẹ́ dípò ìrẹsì nítorí àtọ̀gbẹ tí dókítà rí lára wọn lọ́dún tó kọjá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gíráàmù 24 ni amúaradàgbà tó wà nínú gíráàmù 100. Ṣé ó wá ṣara lóore ju ẹ̀wà olóyin wa lọ ni? Torí owó rẹ̀ wọ́n gan-an. Báwo ni kí n ṣe sè é, kí ni mo sì lè bù fún bàbá? Ọmọ náà fúnra rẹ̀ wà nínú oyún oṣù mẹ́ta, òun náà ń jẹ ẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, Màmá. Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi nọ́ńbà 24 yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́nà. Ẹ̀wà gbígbẹ ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó kọ ọ́. Bí ẹ bá ti gbé e kaná, omi ni yóò máa mu títí yóò fi wú, gíráàmù 100 tí ẹ dà sínú ìkòkò sì lè lé ní 300 kó tó jinná. Amúaradàgbà inú rẹ̀ ò sá lọ, omi ló dà á láàárín. Nítorí náà, bí ẹ bá wọn gíráàmù 100 èyí tó ti jinná, gíráàmù 7 péré ni amúaradàgbà tí ẹ ó bá níbẹ̀. Kálórì rẹ̀ jẹ́ 105, ọ̀rá rẹ̀ ò tó ìdajì gíráàmù. Oúnjẹ afáralókun inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 19, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 7 àti ààbọ̀ nínú 19 yẹn ló jẹ́ fáíbà, èyí tí kì í di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ẹ̀wà ti wúlò fún alátọ̀gbẹ nìyẹn. Ìrẹsì funfun tó jinná, ìwọ̀n kan náà, ní gíráàmù 28 oúnjẹ afáralókun, fáíbà rẹ̀ ò sì tó ìdajì gíráàmù.

Ti olóyin ńkọ́? Ẹ wọn ẹ̀wà tiwa tó jinná, gíráàmù 100 náà: amúaradàgbà rẹ̀ á súnmọ́ 8, fáíbà rẹ̀ á lé ní 6, kálórì rẹ̀ á jẹ́ bíi 116. Èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tún pọ̀ nínú tiwa ju ti mung lọ: 2.5 mílígíráàmù sí 1.4. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni àwọn méjèèjì. Vigna ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé wọn. Ìbàdàn wa níbí, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, ti ń tọ́jú irúgbìn ẹ̀wà tiwa oríṣiríṣi tó lé ní 15,000. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó kọ olóyin sílẹ̀ ní Bódìjà, tó lọ fi owó méjì ra ohun tí kò ju ú lọ. Màmá, ẹ jẹ èyí tí ọmọ rà wá, kó má ṣòfò, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá tán, ẹ padà sí olóyin, bàbá ò pàdánù nǹkan kan.

Ibi kan wà tí mung ti dára sí i lóòótọ́: kì í pẹ́ lórí iná. Bí ẹ ò tilẹ̀ rẹ ẹ́, láàárín ọgbọ̀n sí márùndínláàádọ́ta ìṣẹ́jú, ó ti rọ̀. Pẹ̀lú iye tí gáàsì ń jẹ́ báyìí, kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ ṣa òkúta rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e kaná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi káún sí i. Káún ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ẹ̀wà, iyọ̀ sì ni òun náà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sì máa ń rìn pọ̀. Èyí tí wọ́n ti bó tí wọ́n sì là sí méjì tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti fi ṣe gbẹ̀gìrì rí, mo fi ìjábẹ̀ gbo ó, ó kúnná, ó sì bá ewédú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n òkèlè àmàlà ni kí ẹ ṣọ́. Gbẹ̀gìrì ò lè gba bàbá lọ́wọ́ àmàlà tó pọ̀ jù.

Bí ẹ ṣe máa bù ú fún wọn: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ife tíì, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 100, kí ikùn wọn lè mọ̀ ọ́n, torí fáíbà tó pọ̀ lójijì máa ń mú inú kùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n lè jẹ ife kan, kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Dípò" tí ọmọ yín sọ yẹn ni ẹ dì mú: dípò ìrẹsì, kì í ṣe lórí ìrẹsì. Epo náà ńkọ́? Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tó kálórì 120, ó ti ju ti gbogbo ẹ̀wà inú ìdajì ife yẹn lọ. Ẹ̀wà rírò tí epo ń ṣàn lórí rẹ̀, tí wọ́n tún fi dòdò tì í, kì í ṣe oúnjẹ alátọ̀gbẹ mọ́.

Bí bàbá bá ń lo abẹ́rẹ́ insulin tàbí oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, ẹ sọ fún dókítà wọn kí ẹ tó dín ìrẹsì kù, kí ṣúgà má bàa já jù. Bí wọ́n bá sì ti sọ pé kíndìnrín wọn ní ìṣòro, ẹ béèrè kí wọ́n tó jẹ ẹ̀wà púpọ̀, torí potassium (èròjà kan tí kíndìnrín tó ní ìṣòro kì í lè lé jáde dáadáa) àti amúaradàgbà inú rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò nílé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó jẹun, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀lé ju ohun tí wọ́n kọ sára láílọ́ọ̀nù èyíkéyìí.

Ọmọ yín tó lóyún náà ń ṣe dáadáa. Folate tó ń dáàbò bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú oyún wà nínú ẹ̀wà mung: 159 máíkírógíráàmù nínú gíráàmù 100 tó jinná. Ṣùgbọ́n 600 ni aláboyún nílò lóòjọ́, nítorí náà kó má tìtorí ẹ̀wà fi oògùn folic acid (folate oníhóró) tí wọ́n fún un ní kílíníìkì sílẹ̀. Kó máa fi ọsàn tàbí ata àti tòmátì tì í, torí fítámì C ló ń jẹ́ kí ara gba irin inú ẹ̀wà. Kó sì jẹ́ kí tíì jìnnà sí àsìkò oúnjẹ, torí kì í jẹ́ kí ara gba irin náà dáadáa. Fítámì B12 ò sí nínú ẹ̀wà rárá, kó má pa ẹja àti ẹyin tì. Bó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti mú hù ló ń rà l'Ékòó, èyí tí wọ́n ń dà sínú sàláàdì ní tútù, ẹ pè é lónìí kẹ́ ẹ sọ fún un pé kó sè é kó jinná dáadáa kó tó jẹ ẹ́, torí kòkòrò àìfojúrí máa ń tètè pọ̀ nínú ooru àti omi tí wọ́n fi ń mú un hù.