Ṣọ́ọ̀kì tí kò hó, òkúta tó bẹ́, àti kànga inú ike: ohun tójú mi ti rí nídìí kíkọ́ ọmọ ní ilẹ̀ àti àpáta

Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa. Ẹ ní ọmọ 68 ló wà nínú kíláàsì SS1 yín, kò sí láàbù, kò sówó, ẹ sì fẹ́ kọ́ wọn ní òkúta àti ilẹ̀ kí wọ́n má kàn máa ké igneous, sedimentary, metamorphic (orúkọ oríṣi òkúta mẹ́ta) bí ayékòótọ́. Ibi témi náà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Abẹ́òkúta ni mo wà, ọdún 14 rèé tí mo ti ń kọ́ jọ́gíráfì, àṣìṣe tí mo ti ṣe kò kéré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbàgbé volcano oní-baking soda yẹn ná, òkè oníná àfọwọ́ṣe tí wọ́n ń da fíníígà sí. Ó dùn ún wò lóòótọ́, á hó, á ru, àwọn ọmọ á pariwo, pírínsípà á ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì mo bi wọ́n pé kí ló ń mú òkè oníná bú, wọ́n ní fíníígà àti sódà ni ma. Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ sunkún. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ ṣe nǹkan kan lórí ẹ̀, ẹ mú ìgò Fanta kan jáde síta, ẹ mì í dáadáa kẹ́ ẹ ṣí i, gáàsì tó há sínú nǹkan olómi tó wá ń wá ọ̀nà àtijáde, ìyẹn sún mọ́ òótọ́ díẹ̀.

Ohun tó wà nílé wọn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ní kí kálukú mú òkúta kan wá, kó má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ (lọ́dún àkọ́kọ́ mi ò sọ ti àtẹ́lẹwọ́ yẹn, ọmọ kan gbé ọlọ ìyá ẹ̀ wá, kò pẹ́ tí ìyá náà fi tẹ̀ lé e dé, inú ẹ̀ ò dùn rárá). Ẹ má tíì dárúkọ kankan fún wọn, ẹ ní kí wọ́n to àwọn òkúta náà sí ìdí-ìdí bó ṣe yé wọn, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi tò ó bẹ́ẹ̀. Yangí á pọ̀ níbẹ̀, gíránáítì á wà, ẹnì kan á sì mú àfọ́kù kọ́ńkéré wá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jà bóyá òkúta ni àbí kì í ṣe òkúta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì wá ńkọ́? Mo ti kà á níbì kan pé téèyàn bá kán ásíìdì sórí ṣọ́ọ̀kì á hó, torí limestone ni, irú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ (omi ẹ̀ ni ásíìdì mi), mo dúró níwájú kíláàsì, mo kán an, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Mo tún kán an. Kò hó. Òógùn bò mí. Ọmọkùnrin kan wá sọ lẹ́yìn pé, "Ma, bóyá ṣọ́ọ̀kì yìí kì í ṣe chalk." Ẹ̀rín la fi ṣe o, àṣé òótọ́ ló sọ, gypsum, òkúta rírọ̀ mìíràn, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé ayé ìsìnyí, ìyẹn kì í sì í hó. Látọjọ́ náà mo ti ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì sí i ni. Mo máa ń to ṣọ́ọ̀kì, èèpo ẹyin, ìkarahun ìgbín, káún, gíránáítì àti òkúta Ewékorò (ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn níbí) sórí tábìlì, kí wọ́n sì tó kán ohunkóhun, kálukú gbọ́dọ̀ kọ èyí tó rò pé á hó sínú ìwé, pẹ̀lú báírò, kò sí pé à ń pa á rẹ́. Ẹ má fo ibi kíkọ yìí láéláé. Ọmọ tí kò bá tíì sọ nǹkan kan kò lè mọ̀ pé òun ṣì í, á kàn máa wòran ni.

Tí òkúta Ewékorò bá hó bí ìkarahun ìgbín ṣe hó (ẹ fi ìṣó ha ojú ẹ̀ kó yọ ìyẹ̀fun kẹ́ ẹ tó kán an o, ọsàn wẹ́wẹ́ ò lágbára tó bẹ́ẹ̀), ariwo á dáwọ́ dúró. Ẹnì kan á béèrè pé ṣé ìgbín ló wà nínú òkúta ọ̀hún ni. Ẹ má tètè dáhùn. Níkẹyìn ẹ wá sọ fún wọn pé òkun ló bo ibẹ̀ rí, pé ìkarahun àwọn nǹkan abẹ̀mí inú òkun ló kóra jọ tó di òkúta, òun náà sì ni wọ́n ń wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Káún náà á hó, òun kì í sì í ṣe limestone, apá Lake Chad ló ti ń wá, omi ló gbẹ tó ṣẹ́ku, kí wọ́n má baà rò pé ohun tó bá ṣáà ti hó, limestone ni.

Fún ọjọ́ orí ayé, okùn ni. Mítà 46, mítà kan fún mílíọ̀nù 100 ọdún, ẹ nà án sórí pápá. Ẹni tó wà lópin ẹ̀ ni òní. Gíránáítì Olúmọ wà níbi tó lé ní mítà 5 sí i, òkun Ewékorò ò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, dinosaur ti kú tán kí ìyẹn tó dé, gbogbo ọjọ́ táwa èèyàn ti wà láyé ò sì ju mílímítà 3 lọ. Bàbá ọmọ kan tó jẹ́ pásítọ̀ wá bá mi pé ayé ò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun táwọn onímọ̀ ilẹ̀ wọ̀n nínú òkúta tó sì wà nínú sílébọ́ọ̀sì ni mo fi ń kọ́ wọn. Wọ́n gbà, wọn ò gbà tán, wọ́n lọ.

Èyí tẹ́ ò gbọdọ̀ dán wò: iná. Àwọn tó ń fọ́ òkúta lọ́dọ̀ wa máa ń dáná sórí àpáta kó lè là, mo wá ní kí n ṣe kékeré ẹ̀ fún wọn. Mo ṣa òkúta létí odò Ògùn, mo kó o sínú iná èédú lẹ́yìn kíláàsì. Mi ò mọ̀ pé omi máa ń wọnú irú òkúta bẹ́ẹ̀, tó bá gbóná tí kò rọ́nà jáde, òkúta á bẹ́ ni. Ọ̀kan bẹ́ gbàà, èérún ẹ̀ jó mi lápá, àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti ní káwọn ọmọ sún sẹ́yìn. Odidi táàmù kan ni àwọn aláṣẹ ilé-ìwé ò fi jẹ́ kí n ṣe pirakitíkà mọ́, mi ò sì bá wọn wí. Báyìí mo kàn máa ń kó wọn lọ síbi àpáta kan nítòsí tí ojú ẹ̀ ń bó bí àlùbọ́sà, wọ́n á fọwọ́ kàn án, ó ti tó.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti kànga. Ẹ wá ike tó mọ́ gaara, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, yanrìn tẹ́ ẹ ti fọ̀ sórí ẹ̀, ẹ fi ìwé kan gbé apá kan ike náà sókè díẹ̀, ẹ wá rọra da omi sí i títí tó fi dé ìlàjì yanrìn. Orí pọ́ǹpù tó máa ń wà lórí ọṣẹ olómi ni kànga yín, ẹ fi àkísà di ìdí ẹ̀ kí yanrìn má dí i. Ẹ wá bi gúrúùpù kọ̀ọ̀kan (ọmọ 6 sí 7, ẹnì kan fún omi, ẹnì kan fún kíkọ, kí wọ́n má pa yín) pé níbo lẹ máa gbẹ́ ṣalangá sí? Níbi tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ sí, ẹ da nǹkan aláwọ̀ sí i, ẹ wọ́n omi lé e lórí bí òjò, kí wọ́n máa fa kànga, kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí wọ́n fà á kí àwọ̀ tó jáde. Àwọn tó gbẹ́ ṣalangá sókè kànga á rí i kíákíá, àwọn tó gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀ á fà á títí.

Búlúù tí wọ́n fi ń fọṣọ funfun ni mo kọ́kọ́ lò, yanrìn sẹ́ ẹ, omi jáde láìní àwọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ pé yanrìn ti fọ omi mọ́. Ẹ̀rù bà mí, torí òdì-kejì ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn nìyẹn. Mo wá padà lo zobo, ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Méjèèjì ni mo ń lò báyìí, búlúù ṣáájú, zobo tẹ̀ lé e, kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé yanrìn lè mú èyí tó jẹ́ ẹyọ-ẹyọ, èyí tó ti yòrò sínú omi á bá tiẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan ní, "Ma, omi kànga tiwa mọ́ lójú o." Mi ò fèsì. Lọ́jọ́ kejì ó ti fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìṣísẹ̀ 9 ló wà láàárín kànga wọn àti ṣalangá, ká tó wí ká tó fọ̀ gbogbo kíláàsì ti ń wọn tilé wọn wá. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kà á sókè. Mo jẹ́ kí wọ́n kà á lọ́jọ́ náà, wọ́n fi ọmọ kan ṣe yẹ̀yẹ́ títí táàmù fi parí.

Ẹ sè zobo náà kó ki dáadáa o, ẹ má fi ṣúgà sí i, ẹ má sì ra èyí tí wọ́n ti sè tán, nítorí èèrà. Lọ́dún tí mo lo èyí tó kù nínú ayẹyẹ ilé-ìwé, ọjọ́ mẹ́ta ni èèrà fi gba kíláàsì lọ́wọ́ wa.